Ẹ Yé Fi Jíà Sí Fíríì Sọ̀kalẹ̀ Òkè

Gbogbo ẹni tó bá wọ́ mọ́tò wá bá mi pé búréèkì já lójijì, ìbéèrè kan ni mo máa ń kọ́kọ́ bi í: jíà wo lo wà? Èsì wọn kì í yàtọ̀. "Ọ̀gá, mo ti fi sí fíríì kí n lè ṣọ́ epo lò."

Epo wo? Mọ́tò tó ń lo injector, ìyẹn ohun tó ń fín epo sínú ẹ́ńjìnnì, tí ẹ ò bá tẹná, tí jíà ṣì wà níbẹ̀, kọ̀ǹpútà rẹ̀ á dá epo dúró. Táyà ni yóò máa yí ẹ́ńjìnnì. Fíríì, níbi tí jíà ò ti so ẹ́ńjìnnì mọ́ táyà, gan-an ló ń mu epo, torí ẹ́ńjìnnì kò gbọdọ̀ kú.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ búréèkì ló ń dùn mí. Orí òkè la kọ́ Abẹ́òkúta sí. Jíà ló yẹ kó máa di mọ́tò mú lójú gẹ̀rẹ́. Tí ẹ bá yọ ọ́, ó ku búréèkì nìkan. Ẹ ó máa tẹ̀ ẹ́, á máa gbóná. Ọ́ìlì búréèkì sì máa ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́. DOT 3, irú ọ́ìlì búréèkì kan, kì í hó nígbà tó bá ṣì tuntun àfi tí ooru bá dé nǹkan bíi 205 lórí ìwọ̀n Celsius. Tí omi bá ti wọ̀ ọ́, ó lè hó ní 140. Tó bá ti hó, afẹ́fẹ́ ló kù nínú páìpù. Ọ́ìlì ṣeé tì, afẹ́fẹ́ kàn máa ń fún pọ̀ ni, pẹ́dálì á bá lọ ilẹ̀.

Ẹ páàkì díẹ̀, ó tutù, búréèkì tún le koko. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rí ọ̀rọ̀ sọ: ayé ni, ojú ọ̀nà yẹn ń mu ẹ̀jẹ̀. Ọ̀kan gbé bọ́ọ̀sì ọmọ iléèwé wá lóṣù tó kọjá. Ó ti so oǹdè mọ́ abẹ́ ìjókòó, ó ti ta epo pupa sí táyà iwájú. Mo ṣí ìdérí ọ́ìlì búréèkì: ó dúdú bíi kọfí, ìdọ̀tí sì ti sílẹ̀ nísàlẹ̀ rẹ̀. Pádì búréèkì ti jẹ tán, irin ń ha irin. Ó ní láti ọjọ́ tí òun ti ra ọkọ̀, àfikún ni wọ́n ń bá òun bù. Ọmọ olọ́mọ ló ń kó o! N kò fún un ní kọ́kọ́rọ́ títí mo fi ṣe é tán. Ó bínú, mo jẹ́ kó bínú. Ẹni tó bá fẹ́ bọ Ògún, kó bọ ọ́. Irin tí a tọ́jú dáadáa ni Ògún mọ̀.

Àwọn mẹkáníìkì gbàrọgùdù tó ń da ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì sí búréèkì ńkọ́? Rọ́bà inú rẹ̀ á wú, á bàjẹ́, wọ́n á tún gbowó lórí rẹ̀.

Eré náà wà níbẹ̀. Àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, tí Wọlé Ṣóyínká ọmọ ìlú wa kọ́kọ́ jẹ́ alága rẹ̀ ní 1988, kò fẹ́ kí mọ́tò kọjá 50 kìlómítà ní wákàtí kan láàárín ìlú. Tí ẹ bá sọ 40 di 80, iṣẹ́ búréèkì di ìlọ́po mẹ́rin.

Jíà kejì ni kí ẹ fi sọ̀. Ọlọ́tòmátíìkì, ẹ lo L tàbí 2. Lọ́dún méjì-méjì, ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì búréèkì, kí wọ́n já ìdérí igo tuntun lójú yín. Tí pẹ́dálì bá wọlẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ léraléra, ẹ fa jíà wálẹ̀, ẹ rọra fa búréèkì ọwọ́. Ẹ má pa ẹ́ńjìnnì, sítíá á le mọ́ yín lọ́wọ́.