Bí Afro-juju Ṣe Gba Ìgboro

Kí ọdún 1989 tó dé, fújì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gba òde lọ́wọ́ jùjú tán. Barrister ti gbé àwo Fuji Garbage jáde, Kollington náà ò sùn, Wasiu Ayinde sì ti sọ Talazo, irú fújì tirẹ̀, di ohun tí ọmọ ìgboro ń jó. Jùjú ṣì ń wọlé àríyá o, ṣùgbọ́n àwọn bàbá àti ìyá wa ló ń kọ ọ́ fún jù. Gìtá á máa dún jẹ́jẹ́, wọn á máa ki olóde títí. Ọmọdé á ti sùn lọ lórí àga.

Shina Peters, tó wá gbé Afro-juju dé, kì í ṣe ọmọ àná nídìí jùjú yìí. Ọ̀dọ̀ Prince Adekunle, olórin jùjú, ló ti ń ta gìtá. Ní ìparí àwọn ọdún 1970, òun àti Segun Adewale tí wọ́n jọ wà níbẹ̀ dá ẹgbẹ́ Shina Adewale sílẹ̀. Àjọṣe náà ò pẹ́. Adewale gbé Yo-Pop, irú jùjú tirẹ̀, lọ, Shina kó ẹgbẹ́ International Stars jọ, ó sì ń wá ohùn tí wọ́n á gbọ́ tí wọ́n á mọ̀ pé tirẹ̀ ni.

Àwo Ace ló fi rí i, ní 1989. Laolu Akins, onílù ẹgbẹ́ BLO ayé ọjọ́un, ló bá a ṣe àwo náà. Lójú tèmi, ọwọ́ onílù yìí ṣe bẹbẹ níbẹ̀. Wọ́n mú jùjú yá. Wọ́n to ìlù léra bíi ti fújì, wọ́n bu afrobeat Fela sí i, gìtá wá ń sáré lórí gbogbo rẹ̀. Orin tó rọrùn láti gbè ni, bí ọ̀kan ṣe ń tán ni òmíràn ń wọlé, ìlù ò sì dúró kí jagunlabí rí àyè jókòó. Afro-juju nìyẹn.

Inú àwa ọmọdé ló dùn jù. Àǹtí mi ra kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kan, a sì lò ó débi tí téèpù já. Wọ́n fi kútẹ́ẹ̀sì tí wọ́n fi ń kun èékánná lẹ̀ ẹ́, wọ́n fẹ́ atẹ́gùn sí i kó lè gbẹ, wọ́n wá fi bírò ká a padà kí bátìrì má baà lọ. Láti ọjọ́ yẹn, orin á fò tó bá débẹ̀, gbogbo wa á sì fò ó nínú orin tí à ń kọ. Bí wọ́n bá dí àdúgbò pa, tí kánópì dúró, ọmọ tó bá mọ ijó Shina á rí náírà kan gbà níwájú orí, ìgbà tí náírà kan ṣì jẹ́ bébà.

Wọ́n sọ ariwo ọ̀hún ní Shinamania, òun náà sì fi sọ àwo tó tẹ̀lé e ní 1990. Ariwo ìyẹn ò tó ti Ace. Nígbà tó yá, Adewale Ayuba mú Bonsue Fuji dé, a tún sá tẹ̀lé e. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀dọ́ olórin jùjú tó jáde lẹ́yìn Shina, eré tó yá ni òde ń bèèrè lọ́wọ́ wọn.