Ṣé Onímọ̀ Sáyẹ́ǹsì Lè Máa Ṣe Ìwádìí Kó Tún Máa Bá Ará Ìlú Sọ̀rọ̀?

Ìbéèrè: Wọ́n ní onímọ̀ tó bá ti ń sọ̀rọ̀ lórí rédíò àti tẹlifíṣọ̀n kì í ṣe onímọ̀ gidi mọ́. Ṣé òótọ́ ni?

Irọ́ ni, àmọ́ irọ́ náà ti dí àwọn kan lọ́nà rí. Ẹ wo Carl Sagan, ará Amẹ́ríkà tó ń wádìí àwọn pílánẹ́ẹ̀tì. Ó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ṣàlàyé ohun tó mú kí ilẹ̀ Venus gbóná tó bẹ́ẹ̀: afẹ́fẹ́ carbon dioxide tó ki pọ̀ níbẹ̀ kì í jẹ́ kí ooru ráyè jáde. Lónìí a mọ̀ pé ooru ibẹ̀ tó nǹkan bí 460 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Síbẹ̀, ní 1968, Yunifásítì Harvard kọ̀ láti fún un níṣẹ́ àṣefẹ̀yìntì. Harold Urey, tó ti gba ẹ̀bùn Nobel, wà lára àwọn tó kọ̀wé ta kò ó. Nígbà tó yá, Urey fúnra rẹ̀ kọ̀wé tọrọ àforíjì.

Sagan kó lọ sí Yunifásítì Cornell. Ní 1980, ó gbé ètò tẹlifíṣọ̀n Cosmos jáde ní apá 13, gbogbo ayé sì mọ orúkọ rẹ̀. Ní 1992, wọ́n gbé orúkọ yìí kan náà wá síwájú National Academy of Sciences, ẹgbẹ́ àwọn àgbà onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti Amẹ́ríkà, pé kí ó di ọmọ ẹgbẹ́, wọn kò gbà á. Lẹ́yìn ọdún méjì, ẹgbẹ́ yìí kan náà fún un ní àmì ẹ̀yẹ nítorí àǹfààní tó ṣe fún ará ìlú. Wọ́n gbóríyìn fún un lẹ́nu ọ̀nà, wọn kò sì jẹ́ kó wọlé.

Ìbéèrè: Bóyá ìwádìí rẹ̀ ni kò tó?

Nǹkan bí 500 ìwé ìwádìí ni wọ́n kà sí i lọ́rùn. Ta ló tún ń wá ju ìyẹn lọ? Ní 2008, Pablo Jensen àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ èsì ìwádìí jáde lórí ẹgbẹẹgbẹ̀rún onímọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ CNRS, àjọ ìwádìí sáyẹ́ǹsì ti ìjọba ilẹ̀ Faransé. Wọ́n rí i pé àwọn tó ń bá ará ìlú sọ̀rọ̀ kò rẹ̀yìn nínú ìwádìí. Àwọn gan-an ló tún ń ṣe dáadáa jù. Èyí kò sọ pé ọ̀rọ̀ sísọ ló ń bí ìwé ìwádìí o. Ó lè jẹ́ pé ẹni tí ara rẹ̀ yá máa ń yára síbi gbogbo ni.

Ìbéèrè: Kí ló wá dé tí àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn fi ń fojú burúkú wò wọ́n?

Owú wà níbẹ̀, ẹ má jẹ́ ká tan ara wa. Ẹ̀rù náà wà pé ẹni tó bá ń mú ọ̀rọ̀ rọrùn fún ará ìlú yóò gé e kúrú jù, kó sì di àṣìsọ. Ẹ̀rù yìí tọ̀nà nígbà míì. Èyí tó le jù ni ti ìgbéga: ìwé ìwádìí tí onímọ̀ tẹ̀ jáde nínú jọ́nà ni ìgbìmọ̀ máa ń kà. Ẹni tó bá lọ fi wákàtí kan ṣàlàyé ibà fún àwọn ìyá ọlọ́jà lórí rédíò kì í sábà rí nǹkan kan gbà níbẹ̀.

Ìbéèrè: Níbo ni wọ́n ti ń rí àkókò?

Michael Faraday, onímọ̀ ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọmọ alágbẹ̀dẹ tó kọ́ṣẹ́ ìdìwé, fi ọ̀nà kan hàn. Royal Institution, ilé ìwádìí àti ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì kan ní Lọ́ńdọ̀nù, ni ibi iṣẹ́ rẹ̀. Ìgbà 19 ló ṣe ètò ẹ̀kọ́ Kérésìmesì fún àwọn ọ̀dọ́ níbẹ̀, àárín ìgbà náà ló sì ṣàwárí, ní 1831, pé tí òòfà bá ń rìn nínú wáyà tí a ká, iná mànàmáná á jáde. Ohun tí jẹnẹrétọ̀ ẹ̀yìnkùlé yín fi ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Nígbà tí wọ́n ní kó wá ṣe ààrẹ Royal Society, ẹgbẹ́ àwọn àgbà onímọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó kọ̀. Lójú tèmi, oyè àti ìpàdé ló ń jẹ àkókò onímọ̀ ju ọ̀rọ̀ sísọ lọ.

Ìbéèrè: Kí ló kàn wá níbí?

Oṣù keje ọdún 2014 ni Ebola wọ Èkó. Ilé àyẹ̀wò LUTH tètè dá àrùn náà mọ̀, iṣẹ́ ńlá sì ni. Àmọ́ nígbà tó di oṣù kẹjọ, àtẹ̀jíṣẹ́ ti gba orí fóònù àwọn èèyàn pé kí a fi omi iyọ̀ wẹ̀, kí a sì mu ún, kí Ebola má bàa mú wa. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ó kéré tán, èèyàn méjì kú ní Nàìjíríà nítorí omi iyọ̀ tí wọ́n mu. Ilé àyẹ̀wò kò lè gba irú àwọn wọ̀nyẹn là. Ẹni tó mọ̀ nípa àrùn, tó sì lè fi Yorùbá tó já gaara sọ ọ́ lórí rédíò láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ìyẹn ló lè gbà wọ́n.

Ìbéèrè: Mo ń ṣe PhD lọ́wọ́. Ṣé kí n dúró títí mo fi máa di ọ̀jọ̀gbọ́n?

Ẹ má dúró; ẹnu tí kò sọ ọ́ fún ogún ọdún á ti le. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ọ̀gá tó ń bójú tó iṣẹ́ yín mọ̀ sí i, kí ẹ sì mú un níwọ̀n: ètò kan lóṣù ti tó. Lórí ohun tí ẹ ń wádìí ni kí ẹ máa sọ̀rọ̀. Olóòtú ètò á fẹ́ kí onímọ̀ nípa òkúta tún sọ̀rọ̀ nípa abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ẹ fún un ní nọ́ńbà ẹlẹgbẹ́ yín tó mọ̀ ọ́n.