Táyà Ọ̀kadà Tó Ń Jò Díẹ̀díẹ̀: Ẹ Mọ Ibi Tí Atẹ́gùn Ń Gbà Kí Ẹ Tó Sanwó

Bí táyà bá bẹ́ lójú ọ̀nà, kò sí àríyànjiyàn: ẹ ó ti ọ̀kadà dé ọ̀dọ̀ fọkanáísà, ẹ ó sì sanwó. Èyí tó ń jẹni lówó láìfura ni táyà tó le koko lálẹ́, tó sì ti rọ̀ nígbà tí ilẹ̀ bá fi máa mọ́. Ọ̀pọ̀ ọlọ́kadà kàn máa ń fún un ní atẹ́gùn láràárọ̀ ni, wọ́n á ní ó ṣì ń gbé àwọn. Ẹ ṣírò owó atẹ́gùn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ ó rí i pé ó lè ju owó lílẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan lọ. Táyà tí atẹ́gùn rẹ̀ kò tó sì máa ń ká mọ́lẹ̀ lábẹ́ èrò, ara rẹ̀ á gbóná, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í là. Tó bá dé ibẹ̀, túùbù nìkan kọ́ lẹ máa rà mọ́.

Ọ̀kadà onítúùbù là ń sọ níbí, irú Bajaj Boxer tó kún ìgboro wa, tí táyà iwájú rẹ̀ jẹ́ 2.75-17, tí ti ẹ̀yìn sì jẹ́ 3.00-17.

Kí ẹ tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú nǹkan kan, ẹnu túùbù ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ẹ ṣí ọmọrí rẹ̀, ẹ nu iyẹ̀pẹ̀ kúrò, ẹ fi itọ́ sí i lẹ́nu, kí ẹ wá máa wò ó fún bí ìṣẹ́jú kan. Bí itọ́ bá ń hó, tó ń yọ bí ìfófò, píìnì inú rẹ̀ ló ń jò. Ó lè jẹ́ pé kò wọlé dáadáa, tàbí kí iyẹ̀pẹ̀ ti há sí i. Ẹ fi kọ́kọ́rọ́ píìnì fún un le díẹ̀. Bí kò bá gbọ́, ẹ pààrọ̀ píìnì. Owó rẹ̀ kò tó owó lílẹ̀ kan, bẹ́ẹ̀ ni a kò ní yọ ẹsẹ̀ ọ̀kadà rárá. Ọmọrí yẹn náà kì í ṣe ọ̀ṣọ́ o: òun ló ń dènà iyẹ̀pẹ̀, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n gbàgbé rẹ̀ sílẹ̀ nígbà tí wọ́n bá fún táyà tán.

Bí itọ́ kò bá hó, ẹ rọra ti ẹnu túùbù sọ́tùn-ún sósì, kí ẹ tẹ́tí. Bí atẹ́gùn bá ń dún jáde ní ìdí rẹ̀ nígbà tí ẹ tì í, ibẹ̀ ti ya nìyẹn. Kò sí bí wọ́n ṣe lè lẹ ibẹ̀ tó máa dúró. Túùbù tuntun ni kí ẹ lọ rà, ẹ má fi owó lílẹ̀ ṣòfò.

Tí ẹnu túùbù bá dá ṣáká, ó kan táyà fúnra rẹ̀. Ẹ gbé ọ̀kadà sórí sítáǹdì ẹlẹ́sẹ̀ méjì, ẹ fún táyà kó le dáadáa, ẹ po ọṣẹ ìfọṣọ mọ́ omi, kí ẹ máa dà á sára táyà bí ẹ ti ń yí i. Ibi tó bá ti ń hó ní ojú táyà, nǹkan wà níbẹ̀: ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí i, ẹ má fà á yọ títí ẹ ó fi dé ọ̀dọ̀ fọkanáísà. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé ìdí sípóòkù ló ti ń hó, ẹ má tíì dá sípóòkù lẹ́bi. Atẹ́gùn tó bá jáde nínú túùbù máa ń rìn kiri láàárín òun àti táyà kó tó rí ihò gbà jáde, ihò sípóòkù ló sì máa ń yá a lára jù.

Tó bá tó àkókò láti tú u, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà kan sára táyà ní ọ̀gangan ẹnu túùbù. Ìlà yẹn ló máa jẹ́ kí ẹ lè gbé túùbù padà lé táyà bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, kí ẹ sì mọ ibi tí ihò túùbù bá mu lára táyà. Kò pọn dandan kí wọ́n yọ gbogbo ẹsẹ̀ ẹ̀yìn pẹ̀lú ṣéènì. Fọkanáísà tó mọṣẹ́ lè ṣí ẹ̀gbẹ́ kan táyà lórí ọ̀kadà, kó fa túùbù jáde, kó lẹ̀ ẹ́, kó sì dá a padà. Ẹ sọ fún un bẹ́ẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀, torí owó iṣẹ́ yàtọ̀. Irin táyà tó dán lẹ́nu ni kó lò, kì í ṣe súkúrúdíráífà tó mú.

Wọ́n á fún túùbù kó wú díẹ̀, wọ́n á tì í bọ inú abọ́ omi. Ibi tí ihò wà ló máa sọ ohun tó fà á fún yín.

Ihò tó kọjú sí táyà: ìṣó, ẹ̀gún tàbí wáyà ni. Wáyà ló burú jù nínú wọn. Níbi tí wọ́n bá ti sun táyà ọkọ̀, yálà nítorí ìfẹ̀hónúhàn tàbí nítorí awọ ẹran, àwọn irin tín-ín-rín bí irun máa ń ṣẹ́kù sílẹ̀. Wọ́n á gún táyà wọlé, orí wọn kò ní hàn níta. Bí fọkanáísà bá lẹ túùbù tí kò sì wá wáyà yẹn, yóò tún gún un níbi kan náà láìpẹ́. Ẹ fi òwú tàbí àkísà fa inú táyà yí ká. Ibi tó bá ti há ni wáyà wà. Ẹ má fi ìka wá a. Púláyà ni kí ẹ fi fà á yọ.

Ihò tó kọjú sí ríìmù: orí sípóòkù ló yọ gùn jù, tàbí kí rọ́bà tó yẹ kó bo ìdí wọn ti já. Ẹ fi fáìlì rẹ́ orí sípóòkù náà, kí ẹ gé rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ lára túùbù àlòkù fi bo ìdí ríìmù yí po. Ẹ lè bèèrè túùbù àlòkù lọ́dọ̀ fọkanáísà.

Ihò méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn: ríìmù ló tẹ túùbù mọ́ kòtò nígbà tí atẹ́gùn kò tó, tàbí irin táyà ló fún un.

Bí ẹnu túùbù bá sì ti wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, tí kò nàró mọ́, táyà ti ń yí lórí ríìmù nítorí pé ó rọ̀, ó sì ń fa túùbù lọ. Ẹ tètè tún un ṣe kó tó ya ní ìdí.

Lílẹ̀ oríṣi méjì ló wà. Ti oníná ni wọ́n ti ń fi rọ́bà tútù sójú ihò, wọ́n á fi irin àti písítìn àlòkù tẹ̀ ẹ́ mọ́ra, wọ́n á da bẹntiróòlù díẹ̀ sínú písítìn, wọ́n á ṣáná sí i. Bó bá jinná dáadáa, ó máa ń pẹ́ gan-an. Iná tó pọ̀ jù máa ń sun túùbù tó fi ń le, tó ń dán, tó sì ń là lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n lẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n tú u kí irin tó tutù tó ohun tí ọwọ́ lè dì mú. Ti sólúṣọ̀n, ìyẹn gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń lẹ túùbù, kò fẹ́ iná: ẹ ha ojú túùbù títí kò fi ní dán mọ́, kó fẹ̀ ju rọ́bà tí ẹ máa lẹ̀ mọ́ ọn lọ. Ẹ fi sólúṣọ̀n fẹ́ẹ́rẹ́ pa á, ẹ dúró bí ìṣẹ́jú márùn-ún títí kò fi ní lẹ̀ mọ́ ìka, kí ẹ tó tẹ rọ́bà náà mọ́ ọn láti àárín lọ sí etí. Àwọn tó máa ń kánjú lẹ̀ ẹ́ ní tútù, tàbí tó ń fi ẹnu fẹ́ ẹ kó lè yá gbẹ, ló máa ń padà wá. Ooru ẹnu ń fi omi sí i.

Túùbù tó ti ní lílẹ̀ mẹ́ta tó súnmọ́ra, tàbí tí etí lílẹ̀ àtijọ́ bá ń ṣí, ẹ jù ú nù. Nígbà tí ẹ bá ń ra tuntun, ẹ wo nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀ kó bá ti táyà mu. Èyí tó tóbi jù máa ń ká sínú, ibi tó ká yẹn á máa ha ara rẹ̀ títí á fi lu.

Kí wọ́n tó ti táyà wọlé padà, ẹ ní kí wọ́n bu pọ́dà díẹ̀ sí túùbù, kí wọ́n fún un ní atẹ́gùn díẹ̀ kó má baà ká. Lẹ́yìn náà, ẹ fún táyà iwájú dé 25 (PSI) lórí géèjì, ti ẹ̀yìn dé 28 bí ẹ bá dá wà, 32 bí ẹ bá gbé èrò. Àárọ̀ kí ẹ tó jáde ló dáa láti wọ̀n ọ́, torí táyà tó gbóná máa ń parọ́ fún géèjì. Bí wọ́n bá yọ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, ẹ yẹ ṣéènì wò: kó máa mì ní ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà méjì sí mẹ́ta lókè-nísàlẹ̀. Ẹ wo nọ́ọ̀tì àti bíréèkì náà kí ẹ tó gùn ún.

Oògùn olómi tí wọ́n ń dà sínú táyà kò fi bẹ́ẹ̀ wúlò fún túùbù. Ihò tó là kò ní dí, bí wọ́n bá sì fẹ́ lẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn náà, ojú rẹ̀ kò ní gba sólúṣọ̀n àfi bí wọ́n bá fọ̀ ọ́ mọ́. Okùn tí wọ́n ń kì bọ ihò táyà wà fún táyà tí kò ní túùbù.

Tó bá jẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ló ń jò, ẹni tí kò bá rí owó lónìí lè fi pọ́ńpù ọwọ́ fún un ní atẹ́gùn kó fi délé, kó máa rọra lọ, kó sì máa dúró wò ó. Tó bá jẹ́ ẹsẹ̀ iwájú ló ń jò, ẹ má gbé èrò títí tí ẹ ó fi tún un ṣe, torí bó bá jò tán lójú eré, apá ọwọ́ kò ní ká ọ̀kadà mọ́.