Bí A Ṣe Ń Sọ Olùṣọ́ Di Ẹni Tó Ń Lé Eku Méjì

Ọ̀pọ̀ ikọ̀ tó ń ṣeré géèmù ogun orí kọ̀ǹpútà, ẹni márùn-ún sí ẹni márùn-ún, gbà pé àwọn ń kọlù pa pọ̀ nítorí pé gbogbo wọn jọ sáré gba ẹnu ọ̀nà kan náà wọlé. Ohun tí wọ́n ṣe gan-an ni pé wọ́n tò sẹ́yìn ara wọn. Ẹnu ọ̀nà tóóró kì í gba ju ẹni kan lọ lẹ́ẹ̀kan, nítorí náà olùṣọ́ tó lúgọ sínú lọ́hùn-ún kò bá ènìyàn márùn-ún jà rárá. Ẹni kan ṣoṣo ló ń bá jà, lẹ́ẹ̀márùn-ún, ó sì ń rí àyè mí láàárín èkíní àti èkejì. Àṣìṣe yìí wọ́pọ̀ débi pé ó ń mú kí àwọn tí ọwọ́ wọn yá nídìí ìbọn máa pàdánù lọ́wọ́ àwọn tí kò mọ ìbọn yìn tó wọn, tí wọ́n á sì tún lọ fi wákàtí mẹ́ta mìíràn kọ́ bí a ṣe ń fojú sun orí ọ̀tá, nígbà tó jẹ́ pé ibẹ̀ kọ́ ni wọ́n ti ṣìnà.

Bí a ṣe ń rìn, bí a ṣe ń yìnbọn àti irú ìbọn tó yẹ ká rà wà nínú àìmọye fídíò, a ó sì fò wọ́n kọjá. Counter-Strike, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1999 gẹ́gẹ́ bí àfikún tí wọ́n ṣe sórí géèmù Half-Life, Rainbow Six Siege tó jáde ní 2015 àti Valorant tó jáde ní 2020 yàtọ̀ síra lójú, ṣùgbọ́n eegun wọn kan náà ni: ikọ̀ kan ń ṣọ́ ibì kan, ikọ̀ kejì sì gbọ́dọ̀ já wọ ibẹ̀ kí àkókò tó tán, ẹni tó bá sì kú nínú abala kan kì í sábà padà títí abala náà á fi parí.

Ní 1916, Frederick Lanchester, ẹnjiníà ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé ìṣirò kan jáde nípa ogun gidi tó ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí ju bí ọ̀pọ̀ olùkọ́ géèmù ṣe ń ṣàlàyé rẹ̀ lọ. Ó ní níbi tí oníkálukú bá ti lè rí ọ̀tá kó sì yìnbọn sí i, a kò gbọ́dọ̀ fi iye orí nìkan díwọ̀n agbára ikọ̀. Iye orí náà la máa fi sọ ara rẹ̀ di púpọ̀. Agbára ẹni méjì jẹ́ 4, ti ẹni mẹ́ta jẹ́ 9, ti ẹni márùn-ún sì jẹ́ 25. Ká wá sọ pé olùṣọ́ méjì ló wà níbi tí a fẹ́ gbà. Agbára tiwọn jẹ́ 4. Bí àwọn tó ń kọlù bá ń yọ lọ́kọ̀ọ̀kan, agbára ẹni kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ 1: ẹni àkọ́kọ́ dín 4 kù sí 3 kó tó ṣubú, ẹnì kejì dín in kù sí 2, ẹnì kẹta dín in kù sí 1, ẹnì kẹrin ló sì tó parí rẹ̀, tòun tìkára rẹ̀. Ẹni mẹ́rin ti lọ láti mú ẹni méjì. Ṣùgbọ́n bí àwọn márùn-ún bá yọ lẹ́ẹ̀kan, a ó yọ 4 kúrò nínú 25, ó ku 21, nọ́ńbà tí a sì máa fi sọ ara rẹ̀ di púpọ̀ kó tó di 21 fi díẹ̀ ju mẹ́rin àti ààbọ̀ lọ. Ìyẹn ni pé ohun tí wọ́n pàdánù kò tó ìdajì ènìyàn kan. Ènìyàn kan náà, ìbọn kan náà, ọwọ́ kan náà. Àsìkò tí wọ́n dé ló yàtọ̀. Ìṣirò yìí kò lè sọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ nínú abala kan pàtó, nítorí ọta ìbọn kan lè ba gbogbo rẹ̀ jẹ́, ṣùgbọ́n bí abala bá ti ń pọ̀ sí i, ibi tó kọjú sí ni èsì náà máa ń kọjú sí.

Gbólóhùn tó ru ẹrù nínú ọ̀rọ̀ Lanchester ni “níbi tí oníkálukú bá ti lè rí ọ̀tá”. Ẹni tó dúró sẹ́yìn ẹlòmíràn lẹ́nu ọ̀nà kò rí nǹkan kan ju ẹ̀yìn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ, agbára rẹ̀ kò sì tíì wọnú ìṣirò. Igun ni ìkọlù àjọṣe ń wá. Ìbọn olùṣọ́ ní ẹnu kan, ojú rẹ̀ sì dà bí iná tọ́ọ̀ṣì nínú yàrá tó ṣókùnkùn: ibi tó bá kọjú sí mọ́lẹ̀ kedere, gbogbo ibi yòókù dà bíi pé kò sí. Àwọn àgbà sọ pé ẹni tó bá ń lé eku méjì yóò pòfo. Wọ́n fi í kìlọ̀ fún ẹni tó ń lé eku ni, ṣùgbọ́n nínú géèmù yìí, àwọn tó ń kọlù ni eku, iṣẹ́ wọn sì ni láti rí i dájú pé ọdẹ kò rí eku kan ṣoṣo lé. Bí a bá tẹ̀ lé òwe náà wọnú ihò, ó tún ń kọ́ni sí i. Eku méjì tó gba ihò kan náà jáde kò yàtọ̀ sí eku kan tó ní ìrù gígùn. Igi kan náà ló máa ba àwọn méjèèjì. Eku tó jáde lẹ́yìn tí ọdẹ ti pa ti àkọ́kọ́, tó sì ti gbé igi sókè padà, eku àkọ́kọ́ mìíràn ni. Rainbow Six Siege tilẹ̀ jẹ́ kí eku gbẹ́ ihò tirẹ̀, nítorí pé a lè fọ́ ọ̀pọ̀ ògiri inú rẹ̀, ká sì yọ láti ibi tí ọ̀nà kò sí tẹ́lẹ̀. Eku àkọ́kọ́ kò sì nílò kó yára ju ọdẹ lọ; ohun tí a ń wá lọ́wọ́ rẹ̀ ni kí ọdẹ rí i, kó sì yíjú sí i, nígbà tí èkejì ti gbé ẹsẹ̀.

Lórí Dust II, máàpù (ìyẹn ojú ilẹ̀ tí wọ́n ti ń jà) tí àwọn tó ń fi Counter-Strike ṣeré mọ̀ bí ẹní mowó, ọ̀nà gbọọrọ tí wọ́n ń pè ní Long àti èyí kúkúrú tí wọ́n ń pè ní Short ló jọ já sí ibi A, ọ̀kan lára ibi tí àwọn akọlù ti ń wá ọ̀nà àtigbé bọ́ǹbù sílẹ̀. Ká sọ pé olùṣọ́ kan lúgọ sẹ́yìn àpótí níbẹ̀, tó kọ ẹnu ìbọn sí Long. Akọlù àkọ́kọ́ yọ láti Long. Ó gba olùṣọ́ náà ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ìṣẹ́jú àáyá kí ìka rẹ̀ tó dá ojú rẹ̀ lóhùn, nítorí bẹ́ẹ̀ ni ara ènìyàn ṣe rí. Ó yìnbọn, ìbọn náà sì ń ta sókè lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ìṣẹ́jú àáyá yẹn gan-an ni akọlù kejì yọ láti Short. Olùṣọ́ ní láti dáwọ́ ìbọn dúró, kó yíjú, kó wá orí tuntun, kó tó tún yìn, nígbà tó jẹ́ pé ẹni tó yọ láti Short ti mọ ibi tí àpótí wà tẹ́lẹ̀, ẹnu ìbọn rẹ̀ sì ti wà ní gíga orí kó tó yọjú. Íntánẹ́ẹ̀tì pàápàá ń gbè é lẹ́yìn díẹ̀, torí pé ìròyìn pé ó ti yọ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba inú sáfà, kọ̀ǹpútà tó so gbogbo eléré pọ̀, kó tó dé ojú olùṣọ́. Bí akọlù àkọ́kọ́ bá tilẹ̀ kú, olùṣọ́ bá a lọ, ẹnu ọ̀nà sì ṣí. Èyí ni àwọn eléré ń pè ní trade, ìyẹn gbígbẹ̀san lójú ẹsẹ̀. Bí ẹnì kejì bá fi ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta péré pẹ́, olùṣọ́ ti fà sẹ́yìn, ó ti ki ọta bọ ìbọn, ó sì ti sọ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pé Long ni wọ́n ń gbà bọ̀.

Bí a ṣe ń mú kí àsìkò àwọn méjèèjì pàdé ni apá tó dùn jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀pọ̀ ikọ̀ máa ń ka “ení, èjì, ẹ̀ta” kí gbogbo wọn tó gbéra, ó sì máa ń yà wọ́n lẹ́nu pé wọn kò jọ dé. Ìgbéra ni wọ́n ṣètò, wọn kò ṣètò dídé. Bí ọ̀nà ẹnì kan bá gba ìṣẹ́jú àáyá 9, tí ti ẹnì kejì gba 6, ẹni àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ ti rìn fún ìṣẹ́jú àáyá 3 kí ẹnì kejì tó gbé ẹsẹ̀. Ìdí nìyí tí ikọ̀ tó mọṣẹ́ fi ń wọnú máàpù tí kò sí ọ̀tá nínú rẹ̀, tí wọ́n ń fi aago rin ọ̀nà kọ̀ọ̀kan. Èyí tó tún dára ju kíkà lọ ni kí oníkálukú ti dé ẹ̀bá igun tirẹ̀, kó dúró, kí ohun kan tí gbogbo wọn lè gbọ́ sì jẹ́ àmì. Rainbow Six àkọ́kọ́, tó jáde ní 1998, ti fi èyí ṣe ìpìlẹ̀: ẹni tó ń fi í ṣeré máa ń ya ọ̀nà ikọ̀ kọ̀ọ̀kan sórí máàpù kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ó sì lè mú kí wọ́n dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn títí yóò fi fún wọn ní àmì bíi Alpha tàbí Bravo. Nínú Counter-Strike lónìí, flashbang, ohun jíjù tó ń fi ìmọ́lẹ̀ fọ́ni lójú fún ìgbà díẹ̀, lè ṣe iṣẹ́ náà. Ó ń bú ní nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá kan àti ààbọ̀ lẹ́yìn tó bá kúrò lọ́wọ́, gbogbo ikọ̀ tó wà nítòsí ń gbọ́ ọ, ojú olùṣọ́ tó kọjú sí i sì ń fọ́ ní àsìkò gan-an tí a fẹ́ yọ. Ohùn ènìyàn lè pẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹni tó ń sọ̀rọ̀ sì lè kólòlò, ṣùgbọ́n ìró flashbang kì í ṣiyèméjì. Ọgbọ́n ńlá ni, pé ohun kan náà ló ń fọ́ ọ̀tá lójú tó sì ń ṣe aago fún ikọ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ ẹni tó ń ṣíwájú. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti gba ojú olùṣọ́ mọ́ra, kó má sì dúró lẹ́nu ọ̀nà. Bó bá dúró, ó ti di ilẹ̀kùn mìíràn fún àwọn tó wà lẹ́yìn. Kó sáré kọjá sí òdìkejì, kí ẹnu ìbọn olùṣọ́ máa tẹ̀ lé e lọ. Ẹni tó tẹ̀ lé e kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀ tí ọta kan náà á fi ba àwọn méjèèjì, kò sì yẹ kó jìnnà ju ìṣẹ́jú àáyá kan lọ. Ibí yìí ni ètò àwọn géèmù wọ̀nyí fúnra wọn ti kù díẹ̀ káàtó. Ẹni tí a pa àti ìgbà tí a kú ni pátákó èsì wọn kọ́kọ́ ń kà, nítorí náà ẹni tó ṣílẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mẹ́wàá tí ikọ̀ rẹ̀ fi borí lè wà nísàlẹ̀ pátákó bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan, kí ẹni tó lúgọ sẹ́yìn títí gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ fi kú, tó wá pa ọ̀tá méjì nínú abala tó ti bọ́ lọ́wọ́ wọn, wà lókè. Counter-Strike ti ń fún ẹni tó ju flashbang tí ẹlòmíràn fi pa ọ̀tá ní àmì ìrànlọ́wọ́, ó sì dára bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kò tó. Ìwà tí pátákó bá ń yìn ni àwọn eléré ń hù, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ jẹ́ eku àkọ́kọ́ lọ́fẹ̀ẹ́.

Ọ̀rọ̀ ẹnu kò nílò kó pọ̀. Ìró ẹsẹ̀ ọ̀tá jẹ́ ìròyìn, ariwo máìkì sì máa ń bò ó mọ́lẹ̀. Ibi tí ọ̀tá wà, iye wọn, àti bóyá ọta ti bà á ti tó. Nígbà tí ikọ̀ bá padà wo àkọsílẹ̀ ìdíje wọn, ohun kan ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ wọ̀n: láti ìgbà tí ẹni àkọ́kọ́ kú sí ìgbà tí ẹnì kejì yìnbọn, ìṣẹ́jú àáyá mélòó ló kọjá? Bó bá jẹ́ ẹyọ kan tí ẹnì kejì sì tún kú, ọwọ́ rẹ̀ nídìí ìbọn ni kó lọ tún ṣe. Bó bá jẹ́ mẹ́rin, kí wọ́n fi ìbọn sílẹ̀ kí wọ́n padà sídìí aago.

Gbogbo èyí kò yí padà nígbà tí àwọn akọlù bá ti gbé bọ́ǹbù sílẹ̀. Àwọn olùṣọ́ ló wá di eku. Nínú Counter-Strike, bọ́ǹbù ń bú lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá 40, títú u sì ń gba 10, tàbí 5 fún ẹni tó ra irinṣẹ́ ìtúbọ́ǹbù. Ìyẹn fi ìṣẹ́jú àáyá 30 tàbí 35 sílẹ̀ láti gba ibẹ̀ padà. Síbẹ̀, ìró bọ́ǹbù tó ń yára sí i máa ń kó ìpayà báni, ẹni tó sún mọ́ jù á já wọlé lóun nìkan, á kú, ẹni tó tẹ̀ lé e á dé lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin, á kú bákan náà. Ikọ̀ tó mọ̀ ọ́n ń lo ìṣẹ́jú àáyá 10 àkọ́kọ́ láìyìn ẹyọ ọta kan: ẹni mẹ́ta tó kù ń pín ara wọn sí igun méjì, ọ̀kan ti di flashbang mú, bọ́ǹbù ń ké, wọ́n sì dúró de ìgbà tí yóò kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.