Àpáàdì Ò Lẹ́nu

Bí àríyànjiyàn lórí ìtàn bá ti gbóná, kì í pẹ́ tí ẹnì kan á fi dá a: "Ẹ jàre, ẹ fi ìtàn àwọn bàbá àgbà sílẹ̀. Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí wọ́n hú nílẹ̀. Ìyẹn ò lè parọ́." Ọ̀rọ̀ yẹn máa ń pa èèyàn lẹ́nu mọ́. Èrò tó wà nídìí ẹ̀ ni pé iṣẹ́ awalẹ̀pìtàn ò ju kó walẹ̀ lọ. Ohun tó bá rí á sọ tẹnu ara ẹ̀. Tó bá wá dẹ́nu lé tíọ́rì, ìyẹn àlàyé tó ti orí èèyàn wá, a jẹ́ pé ilẹ̀ ò fún un ní nǹkan gidi ni.

Èmi náà ti rò bẹ́ẹ̀ rí. Àmọ́ àpáàdì ò lẹ́nu, orí idẹ tó lẹ́nu pàápàá kì í fọhùn.

Orí idẹ Ifẹ̀ ni kí ẹ bá mi wò. Lọ́dún 1938, àwọn tó ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agboolé Wúnmọníjẹ̀, nítòsí ààfin Ọọ̀ni, ṣàdédé kan àwọn orí náà nínú ilẹ̀. Ẹ sún mọ́ ọ̀kan nínú wọn dáadáa. Ilà tín-ín-rín sọ̀ kalẹ̀ láti iwájú orí dé àgbọ̀n. Ihò wẹ́wẹ́ yí ètè àti àgbọ̀n ká, wọ́n tò tẹ̀ léra bí ebè àgbàdo. Òmíràn wà níbi tí irun orí ti bẹ̀rẹ̀. Ọrùn náà ní ihò tirẹ̀, èyí tí ìṣó lè gbà kọjá.

Ihò ni ihò. Ẹ lè kà á, ẹ lè fi rúlà wọ̀n ọ́n. Kí ni wọ́n wá ń fi í ṣe? Frank Willett, tó walẹ̀ ní Ifẹ̀ láti ọdún 1957 lọ, ronú kan àkó tí wọ́n máa ń ṣe l'Ọ̀wọ̀, níbi tí wọ́n ti ń gbẹ́ ère tó jọ olóògbé, tí wọ́n á wọṣọ fún un, tí wọ́n á gbé e yí ìlú ká kí wọ́n tó sin ín. Ó ní ó jọ pé ara onígi ni wọ́n kan àwọn orí yìí mọ́ fún irú ìsìnkú bẹ́ẹ̀. Àwọn mìíràn ní adé ọba ni wọ́n ń gbé lé e, pé ìlẹ̀kẹ̀ tó ń bo ojú ọba ló ń gba inú ihò náà. Àwọn kan tún ní irùngbọ̀n ni wọ́n fi há a. Kò sí ara onígi tí wọ́n bá pẹ̀lú àwọn orí náà. Ṣùgbọ́n igi kì í pẹ́ jẹrà nílẹ̀ tiwa, nítorí náà àìrí yẹn ò gbe ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ adé ló wọ̀ mí létí jù, torí orí kan wà láàárín wọn tí wọ́n rọ tòun tadé. Mi ò ní búra lé e ṣá.

Ẹnì kan lè wá ní, ṣebí àbá lásán náà ni gbogbo ẹ̀ nígbà náà, kí kálukú máa dá tirẹ̀. Rárá o. Ohun tó wà nílẹ̀ ò lè sọ̀rọ̀ lóòótọ́, àmọ́ ó lè kọ̀. Igbó Olókun, ní Ifẹ̀ kan náà, ni mo ti rí i pé ó ń kọ̀.

Leo Frobenius, ará Jámánì, dé Ifẹ̀ lọ́dún 1910. Nígbà yẹn, ó ti pẹ́ tí àwọn aráàlú ti ń wa ìlẹ̀kẹ̀ nínú igbó náà. Ó rí ère alámọ̀ tó rẹwà níbẹ̀, ó wò ó títí, ó ní èyí kì í ṣe iṣẹ́ àwọn tó ń gbé Ifẹ̀. Ó ní ìyókù Atlantis ni, ilẹ̀ inú ìtàn àwọn ará Gíríìsì tí wọ́n ní òkun gbé mì, pé Olókun ni Poseidon, òrìṣà òkun wọn. Ilẹ̀ kọ́ ló sọ ọ́ fún un. Inú àpò ara ẹ̀ ló ti mú un wá.

Wọ́n gbàgbé Atlantis, àmọ́ gbòǹgbò èrò náà, pé òkè òkun ni nǹkan ti wá, ò kú. Àfọ́kù ìkòkò pọ̀ nínú igbó náà, amọ̀ wọn nípọn, dígí yíyọ́ sì ti dì mọ́ wọn nínú. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ohun tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń sọ ni pé dígí òkè òkun ni àwọn ará Ifẹ̀ ń yọ́, tí wọ́n ń fi ṣe ìlẹ̀kẹ̀. Ìkòkò yẹn ò jiyàn. Ìgbà tí wọ́n bi í ní ìbéèrè mìíràn ni nǹkan yí padà: kí ló wà nínú dígí yìí gan-an? Ìbéèrè yẹn fúnra rẹ̀, orí tíọ́rì ló dúró lé, pé yanrìn àti eérú tí wọ́n fi ṣe dígí máa ń fi àmì ibi tó ti wá sínú rẹ̀. Ẹni tí kò bá ní tíọ́rì yẹn lọ́wọ́ ò ní wọn nǹkan kan. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n rí i pé èròjà kálísíọ̀mù àti àlùmíníọ̀mù inú rẹ̀ pọ̀ lọ́nà tí dígí Íjíbítì àti ti Lárúbáwá ò ní. Yanrìn tó wá láti ara akọ òkúta, irú èyí tó wà lágbègbè Ifẹ̀, bá a mu. Abidemi Babatunde Babalola wá walẹ̀ níbẹ̀ lọ́dún 2011 sí 2012. Ó rí ìlẹ̀kẹ̀ tó lé ní 12,000, àti àfọ́kù ìkòkò ìyọ́dígí tó lé ní 800, nínú ilẹ̀ tí ọjọ́ orí rẹ̀ bọ́ sáàárín ọ̀rúndún 11 sí 15. Irú dígí yìí kan náà ti jáde ní Gao ní Málì, létí Odò Ọya. Ìyẹn ló pa tíọ́rì dígí òkè òkun.

Orí idẹ kan tí wọ́n ń pè ní Olókun, èyí tí Frobenius fẹ́ gbé lọ, ni mo tún máa ń rántí. Lọ́dún 1949 àwọn onímọ̀ méjì yẹ orí tó wà ní Ifẹ̀ lórúkọ yẹn wò, wọ́n ní àdàkọ ayé òde òní ni. Àwọn èèyàn gbà wọ́n gbọ́. Lọ́dún 2013, àwọn mìíràn tó tún un yẹ̀ wò ní London ní ó jọ pé iṣẹ́ àtijọ́ gan-an ni. Ọdún 64 ni wọ́n fi pè é ní àdàkọ, orí náà ò sì dá ẹnikẹ́ni lóhùn.