Yíyan pùròpẹ́là fún ọkọ̀ ojú omi asáré oní-ẹ́ńjìnnì méjì

Pùròpẹ́là ni irin tó ń yí ní ìdí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi, tó ń ti omi sẹ́yìn kí ọkọ̀ lè lọ síwájú. Lórí ọkọ̀ asáré tó ní ẹ́ńjìnnì méjì, yíyan pùròpẹ́là túmọ̀ sí wíwá méjì tó bára mu, tí yóò jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì kọ̀ọ̀kan dé iye yíyípo tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é là kalẹ̀, nígbà tí ọkọ̀ bá gbé ẹrù tó sábà máa ń gbé. Irú ọkọ̀ yìí wọ́pọ̀ lórí Ọ̀sà Èkó àti ní Five Cowries, omi tó ya Ìkòyí sọ́tọ̀ kúrò lára Victoria Island. Àwọn kan ń kó èrò láti CMS tàbí Falomo lọ sí Ìkòròdú. Àwọn mìíràn jẹ́ ti aládàáni, tí wọ́n ń gbé lọ sí Tarkwa Bay ní ìparí ọ̀sẹ̀.

Ìwọ̀n àti ìṣirò

Nọ́ńbà méjì ni wọ́n sábà máa ń tẹ̀ sára pùròpẹ́là, bí àpẹẹrẹ 14 × 19. Èkíní ni ìbú òbíríkítí tí orí àwọn ewé rẹ̀, ìyẹn àwọn irin pẹlẹbẹ tó yí àárín rẹ̀ ká, ń fà bó ṣe ń yí. Èkejì ni pitch, tó jẹ́ ọ̀nà tí pùròpẹ́là ì bá rìn síwájú nínú ìyípo kan ṣoṣo ká ní inú nǹkan líle ló ti ń yí, bí ìgbà tí súkúrúù bá ń wọ inú igi. Íǹṣì ni wọ́n fi ń wọn méjèèjì. Omi kò le tó igi, nítorí náà ibi tí ọkọ̀ rìn dé gan-an máa ń kéré sí ohun tí pitch sọ. Ìyàtọ̀ yìí ni wọ́n ń pè ní slip. Lórí ọkọ̀ asáré tó ti gòkè sórí omi, ìyẹn tí eré ti gbé ikùn rẹ̀ sókè, slip tó wà láàárín 10 sí 20 nínú ọgọ́rùn-ún kì í ṣe ohun àjèjì.

Ká ní ẹ́ńjìnnì ń yí ní ìgbà 5,500 ní ìṣẹ́jú kan, tí gíà rẹ̀ sì jẹ́ 1.86, èyí tó túmọ̀ sí pé ẹ́ńjìnnì yóò yí ní ìgbà 1.86 kí pùròpẹ́là tó yí lẹ́ẹ̀kan. Pùròpẹ́là yóò yí ní nǹkan bí ìgbà 2,957 ní ìṣẹ́jú kan. Bí pitch rẹ̀ bá jẹ́ íǹṣì 19, tó jẹ́ nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 48, eré tí ìṣirò fi hàn yóò jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 85.6 ní wákàtí kan. Bí GPS bá fi kìlómítà 75 hàn, slip jẹ́ nǹkan bíi 12 nínú ọgọ́rùn-ún, ìyẹn sì dára. Bí ó bá jẹ́ 60 ló fi hàn, nǹkan kan ń bẹ níbẹ̀: ẹ́ńjìnnì lè ga jù lára ẹ̀yìn ọkọ̀, ewé lè ti tẹ̀, rọ́bà tó wà ní àárín pùròpẹ́là lè ti máa yọ̀, tàbí kí ìdọ̀tí omi ti lẹ̀ mọ́ abẹ́ ọkọ̀.

Ìdánwò lórí omi

Ìwé tó bá ẹ́ńjìnnì wá máa ń sọ iye yíyípo tó yẹ kó dé nígbà tí awakọ̀ bá ti ọwọ́ eré síwájú dé òpin. Fún ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì fósítúróòkù òde òní, ó jẹ́ 5,000 sí 6,000 ní ìṣẹ́jú kan. Bí pitch bá dín ní íǹṣì kan, iye yíyípo yóò fi nǹkan bíi 150 sí 200 gòkè. Bó bá fi íǹṣì kan lé, yóò wálẹ̀ bákan náà. Nítorí náà, ọkọ̀ tó ń lo pitch 19 tí kò lè kọjá 4,900 nílò pitch 15, èyí tí yóò gbé e dé nǹkan bíi 5,500 sí 5,700.

Ẹrù tó wà nínú ọkọ̀ nígbà ìdánwò ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í kà sí, bẹ́ẹ̀ ó ṣe pàtàkì ju irú pùròpẹ́là tí wọ́n rà lọ. Ọkọ̀ tí wọ́n dán wò ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sunday pẹ̀lú awakọ̀ àti mẹkáníìkì nìkan yóò dé 5,900 láìsí wàhálà. Ní ìrọ̀lẹ́ Monday, tí èrò kún un pẹ̀lú àpò wọn, tí epo sì kún táǹkì, ó lè máà kọjá 4,700. Ẹ́ńjìnnì tó bá ń ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́ ń fà ju agbára rẹ̀ lọ: ó ń gbóná, èédú ń dì sínú rẹ̀, epo ń jó dànù, ọjọ́ ayé rẹ̀ sì ń kúrú. Ó tọ́ kí wọ́n dán ọkọ̀ wò pẹ̀lú ẹrù tó ń gbé ní ọjọ́ púpọ̀ jù lọ, kí wọ́n sì wá pitch tí yóò jẹ́ kó wà ní ìdajì òkè ìwọ̀n tí ìwé sọ. Nígbà tí ọkọ̀ bá fúyẹ́, awakọ̀ ni yóò dín ọwọ́ eré kù kí ẹ́ńjìnnì má bàa kọjá òpin.

Ọ̀nà tí méjèèjì ń gbà yí

Bí ènìyàn bá dúró sẹ́yìn ọkọ̀, pùròpẹ́là ọlọ́wọ́ ọ̀tún ń yí bí ọwọ́ aago. Ọlọ́wọ́ òsì ń yí lódì sí i. Pùròpẹ́là kọ̀ọ̀kan máa ń fa ọkọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan díẹ̀, nítorí náà, bí méjèèjì bá yí lódì síra, wọn a pa ìfà ara wọn rẹ́, ọkọ̀ a sì tọ́. Ètò tó wọ́pọ̀ jù ni kí ọlọ́wọ́ ọ̀tún wà ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, kí ọlọ́wọ́ òsì wà ní ẹ̀gbẹ́ òsì. Ó tún ń ran awakọ̀ lọ́wọ́ ní èbúté tóóró, tó bá fi ẹ́ńjìnnì kan síwájú, tó fi èkejì sẹ́yìn láti yí ọkọ̀ po lójú kan. Àwọn tó ń fi ọkọ̀ oníkùn méjì díje máa ń yí ètò yìí padà nígbà mìíràn.

Inú gíà ìsàlẹ̀ ni ìyàtọ̀ yìí ti wá. Pípààrọ̀ pùròpẹ́là nìkan kò lè ṣe é. Suzuki ní àwọn ẹ́ńjìnnì kan tí wọ́n lè ṣètò láti yí sí ọ̀tún tàbí òsì, ṣùgbọ́n àwọn ẹ́ńjìnnì kéékèèké kì í sábà ní ẹ̀dà ọlọ́wọ́ òsì, nítorí náà ọkọ̀ tó bá lo méjì irú wọn yóò máa fà sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Ibi tí ẹ́ńjìnnì wà lára ọkọ̀ ní ipa tirẹ̀. Ẹ́ńjìnnì méjì kò sí ní àárín gbùngbùn, níbi tí ikùn ọkọ̀ ti jìn jù. Nígbà tí ọkọ̀ bá fẹ̀gbẹ́ yí, èyí tó wà ní ìta ìyípo yóò sún mọ́ ojú omi, yóò fa afẹ́fẹ́, yóò sì máa yí lásán. Èyí hàn gbangba níbi tí ìgbì òkun ti ń wọlé láti ẹnu omi sí ọ̀sà. Pùròpẹ́là eléwé mẹ́rin, tàbí èyí tí wọ́n ká etí ewé rẹ̀ díẹ̀, máa ń di omi mú dáadáa ju eléwé mẹ́ta lásán lọ, ó sì ń tètè gbé ọkọ̀ tó wúwo gòkè sórí omi, bó tilẹ̀ lè dín eré òpin kù díẹ̀. Fún ọkọ̀ èrò, ó yẹ kí wọ́n fara mọ́ àdínkù yẹn.

Irin tí wọ́n fi ṣe é

Irin tí kì í dípẹtà le, ewé rẹ̀ tín-ín-rín, kì í sì í tẹ̀ nígbà tí agbára bá pọ̀, nítorí náà ó ń sáré ju alumíníọ̀mù lọ. Alumíníọ̀mù rọjú ní owó, ó sì rọrùn láti tún ṣe. Ọ̀sà Èkó kò jìn ní ọ̀pọ̀ ibi tí wọn kò ti gbẹ́ ọ̀nà fún ọkọ̀ ńlá. Iyanrìn, àwọ̀n apẹja àti ọ̀rá nylon ń bẹ níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni gbéborùn, ewéko tó wọ omi Nàìjíríà láti ọ̀nà Badagry ní 1984. Nígbà tí ewé irin líle bá kọlu nǹkan, kì í tètè tẹ̀, agbára ìkọlù náà sì lè dé ọ̀dọ̀ gíà, tí àtúnṣe rẹ̀ wọ́n ju pùròpẹ́là lọ. Rọ́bà àárín ni wọ́n fi sí i láti gba ìkọlù yìí. Ọkọ̀ tó ń rìn ní etí omi lójoojúmọ́ á jèrè jù nínú alumíníọ̀mù.

Méjèèjì gbọ́dọ̀ jẹ́ irú kan náà. Pùròpẹ́là tí wẹ́dà fi òòlù nà padà lè dùn ún wò, síbẹ̀ kí pitch rẹ̀ ti yàtọ̀. Àmì rẹ̀ ni pé ẹ́ńjìnnì kan yóò máa yí kánkán ju èkejì lọ nígbà tí ọwọ́ eré wọn wà ní ibì kan náà. Bí méjèèjì bá jẹ́ ọlọ́wọ́ ọ̀tún, kí wọ́n gbé pùròpẹ́là ti ọ̀tún sí òsì: bí ìyàtọ̀ náà bá tẹ̀lé e, pùròpẹ́là ló ní àléébù; bí kò bá tẹ̀lé e, ẹ́ńjìnnì ni kí wọ́n yẹ̀ wò.

Bí ẹ́ńjìnnì kan bá kú lójú ọ̀nà, pitch tí wọ́n yàn fún méjì yóò wúwo jù fún ẹyọ kan. Kí awakọ̀ gbé ẹ́ńjìnnì tó kú sókè kúrò nínú omi, kó sì rọra máa lọ, torí ọkọ̀ kò ní lè gòkè. Nítorí pé pùròpẹ́là náà lè bàjẹ́ lójú ọ̀nà, àwọn tó mọ iṣẹ́ náà máa ń gbé pùròpẹ́là àfikún kan fún ọ̀tún àti kan fún òsì, pẹ̀lú nọ́ọ̀tì, wáṣà àti pín wọn. Èyí tó jẹ́ ti òsì kò lè rọ́pò ti ọ̀tún: ẹ̀yìn ni yóò ti ọkọ̀ sí. Bí awakọ̀ bá sì fi gíà ẹ̀yìn wa ọkọ̀ síwájú nítorí rẹ̀, gíà náà yóò bàjẹ́.