Orin Ègùn Nínú Sítúdíò Ìgbàlódé

Ní Makoko, ní agbègbè Yaba, àwọn ọmọ Ègùn ń sọ èdè wọn nínú ọkọ̀ ojú omi àti nídìí ààrò ẹja, ṣùgbọ́n bí ọ̀dọ́ ibẹ̀ bá fẹ́ kọ orin tí ìgboro yóò gbọ́, Yorùbá tàbí Píjìn ló sábà máa ń mú. Rédíò Lagos ń fi Ègùn gbóhùn sáfẹ́fẹ́, ó sì yẹ ká yìn wọ́n, àmọ́ ọmọ ọdún 14 kì í kó ìròyìn sórí. Orin ló ń kó sórí.

Gbígba ohùn sílẹ̀ niṣẹ́ mi ní Sùúrùlérè. Ohun tí mo ń sọ fún àwọn olórin ni pé ègbè ìlà kan ṣoṣo tí a fi Ègùn há sáàárín orin Yorùbá kò ran èdè náà lọ́wọ́ púpọ̀, nítorí ẹni tó ń jó yóò kàn máa pè é lẹ́nu bí ìró lásán. Ẹ kọ gbogbo orin náà ní Ègùn, kí ẹ sì gbé e lé ìlù tí àwọn ọ̀dọ́ ń jó sí lónìí. Báyìí ni ẹgbẹ́ akọrin Māori, ìyẹn àwọn ọmọ onílẹ̀ New Zealand, láti ìlú Patea níbẹ̀, ṣe pẹ̀lú "Poi E", orin tí wọ́n fi èdè Māori kọ: àwọn ilé-iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù kọ̀ ọ́, síbẹ̀ ó gba ipò kìíní ní orílẹ̀-èdè náà ní 1984. Ní 1987 ni òfin sọ Māori di èdè ìjọba níbẹ̀. N kò sọ pé orin ló ṣòfin o. Ìjà wọn ti pẹ́ ṣáájú rẹ̀.

Ohùn ni iṣẹ́ ti le jù. Bíi ti Yorùbá, èdè olóhùn ni Ègùn, ohùn tí a fi pe ọ̀rọ̀ lè yí ìtumọ̀ rẹ̀ padà: ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ wà níbẹ̀, àwọn mìíràn sì ń gòkè tàbí sọ̀ kalẹ̀ lórí sílébù kan ṣoṣo. Ẹ̀rọ tó ń tún ohùn ṣe, Auto-Tune àti irú rẹ̀, máa ń fa ohùn sórí nóòtì tó bá sún mọ́ ọn jù. Bí a bá yí i le, ohùn tó yẹ kó gòkè yóò dúró sójú kan gbagidi, gbólóhùn yóò sì jọ ti àjèjì. Nítorí náà ni mo ṣe ń dín ìyára tí ẹ̀rọ náà fi ń fa ohùn kù, tí mo sì ń pa á pátápátá níbi tí ohùn bá ti ń gòkè bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà, a ó pe àgbàlagbà kan tó gbọ́ Ègùn dáadáa kó gbọ́ orin náà láìsí ìlù. Bí ìlà kan bá ṣì í létí, ohùn orin la ó yí, a kì í fọwọ́ kan ọ̀rọ̀.

Bí ẹ bá gba orin náà lẹ́nu ìyá àgbà kan, ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ kí ẹ tó gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ sì kọ ọ̀rọ̀ Ègùn náà sábẹ́ fídíò, kí ọmọ lè máa fojú tẹ̀ lé e bó ṣe ń kọ ọ́.